Àga Màmá Àgbà Tó Ṣófo Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Àdúgbò Ìrẹ̀pọ̀,
Mowe, Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Karùn-ún, ọdún 2020.

Ọláwùnmí ọmọ mi,

Mo kí ọ o, ọmọ tí mo bí, tó ń bá gbogbo Nàìjíríà sọ̀rọ̀ láìjáde nílé. Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Sùúrùlérè níbẹ̀. Ṣé ẹ ń rí omi? Ṣé ẹ ń rí oúnjẹ rà? Ààwẹ̀ ńkọ́? Mo mọ̀ pé o máa ń purọ́ fún mi pé o jẹ sààrì nígbà tó jẹ́ pé oorun lo sùn mọ́jú. Ní tèmi, ara le, mo dúpẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi kò dákẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ pa, kò sẹ́ni tó ń rán yúnífọ́ọ̀mù mọ́, ìbòmú ni mo ń rán. Aṣọ yúnífọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé tó kù sí mi lọ́wọ́ ni mo sì fi ń rán an, nítorí náà tí o bá gba àdúgbò wa kọjá lónìí, o máa rò pé gbogbo àgbàlagbà ibẹ̀ ti padà sí pírámárì.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Nígbàkúùgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, inú á bí mi, ìwọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì ṣe tirẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo fẹ́ kí o mú lẹ́tà yìí lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ, kí wọ́n fi ojú ara wọn kà á. Sàhéèdì aládùúgbò wa, tó ń wa ọkọ̀ fún ọsibítù kan ní Èkó, tí àwọn agbófinró tó dí ọ̀nà máa ń jẹ́ kó kọjá, ló máa mú un wá fún ọ. Má bínú tí àpòòwé náà bá ń rùn bí ọsibítù. Ó ti sọ pé òun máa fi oògùn apakòkòrò nù ún kí òun tó gbà á lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ ìpolówó yẹn ni o, èyí tí wọ́n fi ohùn rẹ sí, ti èròjà ọbẹ̀. N kò ní dárúkọ èròjà náà sínú lẹ́tà mi, kó má lọ dà bíi pé èmi náà ń bá wọn polówó lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ẹ ń ṣe é ní oṣù Kejì, tí o sọ fún mi pé ilé ńlá kan ní Ibafo níbí ni wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀, inú mi dùn débi pé mo pe gbogbo oníbàárà mi kí wọ́n máa retí rẹ̀. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Tábìlì gígùn, ìdílé ńlá, ọmọ wẹ́wẹ́ ń sáré kiri, gbogbo wọn ń dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń múra àtiṣínu. Àga kan wá ṣófo ní ìdí tábìlì, níbi tí àgbà ilé máa ń jókòó sí. Ohùn rẹ jáde, ohùn tí o fi máa ń pe ìyá mi gan-an, o ní: “Màmá Àgbà, àga yín ló ṣófo yìí o. Oúnjẹ ti délẹ̀. A ò ní ṣínu títí ẹ ó fi dé. Ẹ máa bọ̀ o, Màmá Àgbà.” Lẹ́yìn náà ni ìyá arúgbó kan wọlé, gbogbo ilé rọ́ lù ú, wọ́n ń gbá a mọ́ra, wọ́n ń fi ẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó dára nígbà náà. Èmi gan-an sunkún nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó.

Àmọ́ kòrónà dé. Gbogbo ayé yí padà, ìpolówó nìkan ni kò yí padà. Mo ń wo tẹlifíṣọ̀n nídìí ẹ̀rọ mi láti ìgbà tí kónílé-ó-gbélé ti bẹ̀rẹ̀, inú sì ń bí mi débi pé mo máa ń rán ọwọ́ ìbòmú sódì. Akéde á jókòó, á ka iye àwọn tó kú, á ní kí a jìnnà sí ara wa, kí a má bọ ara wa lọ́wọ́. Kó tó pa ẹnu dé, àwọn géńdé kan ti yọ, wọ́n so mọ́ ara wọn ní etí òkun, wọ́n ń gba ìgò ohun mímu kan ṣoṣo lẹ́nu ara wọn. Òmíràn ní kí n wọ bàálù lọ gbádùn ara mi. Bàálù wo? Èmi tí n kò lè dé Owode Egba lọ kí ọ̀rẹ́ mi! Báǹkì kan ń tẹ dùùrù jẹ́jẹ́, wọ́n ní gbogbo wa la jọ wà nínú ẹ̀, pé àwọn ń rò nípa wa. Wọn kò sọ ohun tí wọ́n ń rò.

Ìyá Jésùlayọ̀mi tó ń gbé òdìkejì wa, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ọkọ rẹ̀ kú ní oṣù tó kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á, kì í ṣe kòrónà, síbẹ̀ ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ni wọ́n gbà láyè kó sin ín. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn kò lè wá. Ní ọjọ́ tó wá gba ìbòmú lọ́wọ́ mi, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ìpolówó tiyín sì jáde, gbogbo ilé ń gbá ara wọn mọ́ra. Ó wò ó tán. Ó ní, “Ìyá Ọláwùnmí, ẹ jọ̀ọ́, níbo làwọn èèyàn yìí ń gbé?” Mo pa tẹlifíṣọ̀n náà.

Síbẹ̀, gbogbo ìyẹn kò tó kí n tìtorí ẹ̀ jókòó kọ lẹ́tà. Màmá Àgbà ló jẹ́ kí n kọ ọ́. O mọ ìyá mi, o sì mọ̀ pé nínú ilé wa ní Ifo, kò sẹ́ni tó ń ṣínu ṣáájú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pe ìrun, òun ni yóò kọ́kọ́ fi dàbínù kan ẹnu, yóò ṣàdúrà, yóò dárúkọ gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwa tó kù tó gbé omi. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Tó bá pẹ́ nínú yàrá, gbogbo ilé á fi ebi jókòó máa wò ó lọ́nà. Òun náà mọ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í pẹ́.

Ohun tí o lè má mọ̀, nítorí pé ayé fóònù ni mo bí ọ sí, ni bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn wálé nígbà tí àwa wà lọ́mọdé. Orí rédíò ni. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nílé, ẹbí á lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò, akéde á sì kà á sétí ayé, pé kí lágbájá ọmọ lágbájá, níbikíbi tó bá wà, máa bọ̀ wálé ní kíákíá. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ kì í béèrè ìdí. Tó bá jẹ́ aládùúgbò ló gbọ́ ọ, á sáré lọ jẹ́ iṣẹ́ náà fún un. Bí wọ́n ṣe pe Màmá Àgbà fúnra rẹ̀ nìyẹn nígbà tí ìyá tirẹ̀ ń kú lọ. Inú oko ló wà tí wọ́n ti bá a gbọ́ ọ. Ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó lọ, ó sì bá ìyá rẹ̀ láàyè. Láti ọjọ́ yẹn, tí ẹ̀rọ bá ti pe ìyá mi, kò sí eré nínú rẹ̀ lójú tirẹ̀.

Wá rò ó wò. Obìnrin yìí jókòó sí pálọ̀ Zubair àbúrò mi ní Ifo. Wọ́n ti mọ́ṣáláṣí pa. Èmi ọmọ rẹ̀ kò lè débẹ̀. Ìwọ tí o máa ń wá bá a ṣínu ní òpin ọ̀sẹ̀, kò rí ọ. Tẹlifíṣọ̀n nìkan ló kù fún un, ìyẹn náà nítorí tàfsíìrì tí àwọn àfáà ń ṣe níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Àfáà parí ọ̀rọ̀, ìṣínu kù díẹ̀, ohùn ọmọ-ọmọ rẹ̀ jáde, ó pè é ní orúkọ tó máa ń pè é, ó ní àga rẹ̀ ṣófo, ó ní gbogbo ilé ń fi ebi dúró dè é. Zubair ní nígbà àkọ́kọ́, ó kàn béèrè pé, “Ṣé kì í ṣe Ọláwùnmí rèé?” Zubair ní òun ni o, inú rẹ̀ sì ń dùn, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ohùn rẹ tún pè é. Lọ́jọ́ kẹta, Màmá Àgbà gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ń jẹun níbí, ọmọ ń fẹnu gbígbẹ dúró dè mí nílé ìyá rẹ̀ ní Mowe.” Ṣe ni wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ó ń bá wọn ṣàwàdà ni.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí ìjọba yọ̀ǹda kí àwọn èèyàn jáde ra oúnjẹ, Zubair àti ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọjà. Màmá Àgbà wọ aṣọ, ó wé gèlè, ó fi ìbòrùn lé e, ó di dàbínù sínú ọ̀rá, ó sì jáde. Obìnrin tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, tó gbààwẹ̀ sínú! Ó gun ọ̀kadà dé Agbado. Láti ibẹ̀ ó bá àwọn aláta wọ ọkọ̀ dé Oke-Aro, wọ́n há mọ́ ara wọn nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó bo imú. Bó ṣe rí ọkọ̀ tó gbé e bọ́ sí ojú ọ̀nà márosẹ̀, n kò tíì mọ̀ dòní. Ó ṣáà ní ẹnìkan ló ṣàánú òun. Ibi tí wọ́n dí ọ̀nà sí ní Ibafo ni wọ́n ti dá a dúró.

Àwọn tó dí ọ̀nà bi í pé, “Màmá, níbo lẹ̀ ń lọ nínú kónílé-ó-gbélé yìí?” Ó ní wọ́n pe òun. Wọ́n ní ta ló pè é. Ó ní, “Ọmọ mi ni. Orí tẹlifíṣọ̀n lọ́n ti pè mí.” Ọláwùnmí, wọ́n fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Màmá, wọ́n pe èmi náà o, wọ́n ní kí n wá mu bíà.” Wọ́n rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Orí ìyá mi pé ju tiwọn lọ! Ó dárúkọ mi, ó dárúkọ rẹ, ó dárúkọ àdúgbò wa, ó sì na fóònù rẹ̀ tí kò níná mọ́ sí òṣìṣẹ́ ìlera kan tó wà níbẹ̀, ọmọbìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tó ń jẹ́ Dáraolúwa. Ọmọ yẹn ló bá a fi iná sí i, òun náà ló pè mí. Mo ju aṣọ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ. N kò rí ọkọ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Mowe dé Ibafo.

Nígbà tí mo débẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ ibòji ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n tì, ọ̀rá dàbínù wà lórí itan rẹ̀, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Kò kọ́kọ́ dá mi mọ̀ nítorí ìbòmú. Nígbà tó gbọ́ ohùn mi, ó dìde, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà, n kò sún mọ́ ọn. Dáraolúwa ti wọn ìgbóná ara rẹ̀, ó sì ti kìlọ̀ fún mi kí n dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyá tó bí mi na ọwọ́ sí mi, mo sì kúnlẹ̀ lókèèrè bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó ká mi lára ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé, “Ṣé wọn ò tíì ṣínu?” Mo ní, “Màámi, kò sẹ́nì kankan nílé, èmi nìkan ni, Ọláwùnmí wà ní Èkó.” Ó wò mí bí ìgbà tí èèyàn ń wo òpùrọ́. Ó ní, “Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ. Ó ní àga mi ṣófo.” Tábìlì ilé wa, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Orí rẹ̀ ni mo ti ń gé aṣọ. Àga méjì ló wà nídìí rẹ̀, ọ̀kan sì ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀.

Wọn kò jẹ́ kí n mú un wá sílé. Ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ló dá a padà sí Ifo, wọ́n ní kó wà nínú yàrá kan lóun nìkan títí ọ̀sẹ̀ méjì yóò fi pé. Inú ọkọ̀ yẹn ló ti ṣínu, lẹ́yìn níbẹ̀ lóun nìkan, láìsí ẹni tó ṣe àmín sí àdúrà rẹ̀. Mo dúró lójú títì títí n kò fi rí ọkọ̀ náà mọ́.

Ó ti ń wúkọ́ báyìí. Wọ́n ti wá yẹ̀ ẹ́ wò, èsì kò tíì dé, a sì ń gbàdúrà. Yàrá ẹ̀yìn ni Zubair fi í sí, ó sì gbé tẹlifíṣọ̀n síbẹ̀ fún un nítorí tàfsíìrì, kó má baà dá wà jù. Ṣé o ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀? Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni ìpolówó yẹn ń jáde. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ sì ni ìyá mi ń dìde lórí ibùsùn àìsàn, tó ń wé gèlè, tó ń ṣílẹ̀kùn, tó ń bọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ Zubair ń ṣeré. Àwọn ọmọ á sá jáde. Zubair á fi ìbòmú bo imú, á dọ̀bálẹ̀ lókèèrè, á máa bẹ̀ ẹ́ kó padà. Lánàá, ó ti dé ẹnu géètì kí wọ́n tó rí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, àmọ́ ó ń lọ. Tí ó bá fi lè bọ́ sójú títì pẹ̀lú ikọ́ yẹn, n kò mọ̀ bóyá a tún máa rí i.

A ti pa tẹlifíṣọ̀n náà. Ó ní ṣé a kò fẹ́ kí òun gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nínú oṣù Rámádáànì ni. A yí i sí ibòmíràn, ìpolówó yín wà níbẹ̀ náà. Ìwọ gan-an pè é lórí fóònù, o sunkún, o ní kó jókòó. Ṣé o rántí ohun tó sọ fún ọ? Ó ní, “Orí tẹlifíṣọ̀n lọ́n ti pè mí, gbogbo ayé ló gbọ́. Ẹ má wá fi fóònù dá mi dúró ní kọ̀rọ̀. Níbi tẹ́ ẹ ti pè mí ni kẹ́ ẹ ti sọ fún mi.” O rò pé agídí arúgbó ni. Kì í ṣe agídí. Láyé tiwọn, tí rédíò bá pe èèyàn wálé, tí ọ̀rọ̀ sì wá yanjú, rédíò náà ló máa ń sọ ọ́.

O sọ fún mi pé o ti lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ. Wọ́n ní àwọn ti sanwó àsìkò náà sílẹ̀ títí di ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, àwọn kò lè yọ ọ́, pé ó ń fún àwọn èèyàn ní ìrètí. Ìrètí kẹ̀! Wọ́n ní àwọn ti kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán pé kí àrùn tó dé ni àwọn ti yà á. Mo wá a. Mo dìde lọ bá tẹlifíṣọ̀n, mo fi awò tí mo fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ wò ó. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó kéré bí ẹsẹ̀ eèrà, ó sì ti kọjá kí n tó kà á dé ìdajì. Yorùbá ni wọ́n fi pe ìyá mi. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń sọ fún un pé kó má dá àwọn lóhùn?

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí, mo kí yín. Aránṣọ ni mí, n kò mọ iṣẹ́ yín, àmọ́ mo mọ tèmi. Tí mo bá rán aṣọ fún ọmọ tó wá di pé ọmọ náà dàgbà, n kì í fi tipátipá wọ̀ ọ́ sí i lọ́rùn kí n ní mo ti gé e tẹ́lẹ̀. Mo máa tú u ni. Ẹ ṣe ìpolówó yín nígbà tí gbígbá ara ẹni mọ́ra kò lè pa ẹnikẹ́ni. Ìgbà yẹn ti kọjá. Kí ló lè le nínú pé kí ẹ tú u? Ṣé ìyá kankan ń gbé nílé yín? Tó bá wà, ṣé ẹ̀ ń gbá a mọ́ra báyìí, àbí ojú fèrèsé lẹ ti ń kí i bíi tiwa? Ẹ dá mi lóhùn, nítorí mo fẹ́ mọ̀.

Ìwọ Ọláwùnmí, kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá jà. O ṣe iṣẹ́ rẹ, o sì ṣe é dáadáa, ohun tó fà á nìyẹn tí ìyá mi fi gbà ọ́ gbọ́. Àmọ́ mo gbọ́ pé wọ́n tún ní kí o wá ṣe ti ọdún, kí o máa pe gbogbo ẹbí pé kí wọ́n wá bá ara wọn yọ̀. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe é. Mo sì mọ̀ pé n kò lè ní kí wọ́n wá bá ìyá kan ṣoṣo ní Ifo sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ta ni mo jẹ́? N kò béèrè ìyẹn. Kí wọ́n ṣáà ti yọ èyí tó wà níbẹ̀ kúrò. Kí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́, kí ìyá mi lè rí ààyè dùbúlẹ̀ sinmi. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ fún mi. Kò ní jẹ́ kí àrùn yìí mọ ojú ọ̀nà yàrá rẹ. Ohùn tó fi ta ọ́ lọ́rẹ kò ní di ohun tí wọ́n fi ń pa ọ́ lẹ́kún. A ó rí ara wa lójúkojú, a ó sì dì mọ́ ara wa láìwo ẹ̀yìn. Ìbòmú tí mo rán fún ìwọ àti àwọn tí ẹ jọ ń gbé wà lọ́wọ́ Sàhéèdì. Aláwọ̀ ewé ni, má rẹ́rìn-ín.

Èmi ni ìyá tó bí ọ, tí inú ṣì ń bí,
Morádéyọ̀ Ọmọlabí.

Mo tún gbàgbé, rárá, n kò gbàgbé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni. Sàhéèdì kò rí ààyè lọ lánàá, nítorí náà mo tún àpòòwé yìí tú. Tiransifọ́mà àdúgbò Zubair bú gbàmù lọ́sàn-án àná, kò síná. Nígbà tó pè mí sọ fún mi, mo fò sókè. N kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníná rí láyé mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lánàá. Mo ní Ọlọ́run ti bá wa pa ìpolówó náà lẹ́nu mọ́. Ayọ̀ mi kò dalẹ́. Zubair ní Màmá Àgbà wé gèlè rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tó kú náà, ó ń dúró. Wọ́n pe ìrun, ohùn rẹ kò jáde. Ó tú gèlè, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ó mu omi díẹ̀, kò fọwọ́ kan dàbínù, kò fọwọ́ kan oúnjẹ, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bá Zubair sọ láti inú yàrá. Ó ní, “Wọn ò pè mí mọ́. Ṣé wọ́n ti fi ẹlòmíì sí àga mi ni?”

Nítorí náà, gbàgbé ohun tí mo kọ sókè. Kí wọ́n má kàn yọ ọ́. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà lè pa á. Ìwọ lo pè é, ìwọ náà ni wàá dá a lóhùn, ní gbangba, bó ṣe wí. Ilé iṣẹ́ yín ń ra àsìkò lórí rédíò náà, Zubair sì ti ki bátìrì sí rédíò rẹ̀, ó ti gbé e sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ pé ìyá Ọláwùnmí ní kí wọ́n yá ọ ní àsìkò díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta èròjà wọn. Ohùn yẹn gan-an ni kí o lò. Sọ fún un pé a ti ṣínu, pé àdúrà rẹ̀ bá wa níbi tí oníkálukú wà, pé kó jókòó sílé Zubair kó jẹun. Sọ fún un pé kò sẹ́ni tó jókòó sí àga rẹ̀.